CBGB

CBGB jẹ́ ilé ọtí àti gbọ̀ngán orin kan tí ó wà ní ojúlé 315, òpópónà Bowery, ní agbègbè Manhattan, ìlú New York, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Hilly Kristal ni ó dá a sílẹ̀ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1973, wọ́n sì tì í pa ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006. Ibẹ̀ ni a mọ̀ sí ibi tí orin pọ́ńkì ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Orí ìtàgé rẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ olórin bíi Television, Ramones, Blondie àti Talking Heads, pẹ̀lú Patti Smith tí ó jẹ́ akéwì àti akọrin, ti di ẹni tí ayé mọ̀.

Ohun méjì ni ó mú kí ilé kékeré yìí ṣe ohun tí àwọn gbọ̀ngán ńláńlá kò lè ṣe. Èkíní ni òfin Kristal pé orin tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá ni kí ó máa kọ níbẹ̀. Èkejì ni pé àdúgbò tí àwọn ènìyàn ń sá fún ni ó wà, owó ilé kò sì wọ́n níbẹ̀ nígbà náà. Nígbà tí àdúgbò náà di ibi tí àwọn olówó ń wá ilé sí, owó ilé yìí kan náà ni ó fa ìjà tí ó parí ayé CBGB.

Orúkọ

Oríṣi orin mẹ́ta ni àwọn lẹ́tà inú orúkọ náà dúró fún. C dúró fún orin kọ́ńtírì, BG dúró fún blúgráàsì, B tí ó gbẹ̀yìn sì dúró fún blúùsì. Orin ìbílẹ̀ àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà ni méjì àkọ́kọ́, orin àwọn ènìyàn dúdú ilẹ̀ náà sì ni ẹ̀kẹta. Irú orin wọ̀nyí ni Kristal ní lọ́kàn láti máa gbé kalẹ̀ nígbà tí ó ṣí ilé náà.

Lábẹ́ orúkọ yìí, lára ìbòrí aláṣọ tí ó wà lókè ẹnu ọ̀nà, ni wọ́n tún kọ lẹ́tà márùn-ún mìíràn sí: OMFUG. Ohun tí èyí dúró fún ni «orin mìíràn fún àwọn alájẹkì tí ń fẹ́ ìgbéga ọkàn». Kristal máa ń ṣàlàyé pé àjẹkì orin ni òun ń sọ, kì í ṣe àjẹkì oúnjẹ. Ní ìkẹyìn, «orin mìíràn» yìí ni ó gba ilé náà mọ́ àwọn mẹ́ta tí ó ṣíwájú lọ́wọ́. Kò sí èyíkéyìí nínú orin kọ́ńtírì, blúgráàsì àti blúùsì tí òkìkí CBGB dúró lé lórí.

Olùdásílẹ̀

Ọdún 1931 ni wọ́n bí Hilly Kristal ní New York, ṣùgbọ́n oko kan nítòsí ìlú Hightstown ní ìpínlẹ̀ New Jersey ni ó ti dàgbà. Ó kọ́ fáólìnì láti kékeré, ó sì sìn nínú ẹgbẹ́ ológun orí omi tí a ń pè ní Marine. Lẹ́yìn náà ó bá ẹgbẹ́ akọrin kọrin ní Radio City Music Hall. Ó tún ṣe alákòóso Village Vanguard, ilé orin jáàsì tí ó lókìkí ní Greenwich Village. Lápá ìparí àwọn ọdún 1960, òun àti Ron Delsener dá àjọ̀dún orin kan sílẹ̀ ní ọgbà Central Park, èyí tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìdí nìyí tí kò fi tọ́ láti wo Kristal bí ọlọ́tí lásán tí orin bá níbi tí ó jókòó sí. Ó ti mọ bí a ṣe ń ṣètò orin àti bí a ṣe ń bójú tó olórin kí ó tó dé Bowery. Ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní ogójì ọdún nígbà tí ó ṣí CBGB. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó gbà láyè níbẹ̀ sì tó ọmọ rẹ̀ bí.

Àdúgbò Bowery

Bowery jẹ́ ọ̀kan lára àwọn òpópónà tí ó pẹ́ jù lọ ní Manhattan. Inú èdè àwọn ará Nẹ́dálándì tí ó kọ́kọ́ tẹ̀dó síbẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni oko. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilé eré orí ìtàgé pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di ọ̀rúndún ogún, ó ti di ibi tí àwọn aláìnílé, àwọn ọ̀mùtí àti àwọn tí ayé ti sú ń forí pamọ́ sí. Ilé àgbàsùn olówó pọ́ọ́kú ni ó wà lórí CBGB gan-an, orúkọ rẹ̀ ni Palace Hotel. Àwọn tí ń gbé ibẹ̀ wà lára ohun tí oníbàárà kọ́kọ́ máa ń rí bí ó bá ń bọ̀ wá gbọ́ orin.

Ìlú New York fúnra rẹ̀ wà nínú ìṣòro ní àkókò náà. Ní ọdún 1975, gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjọba ìlú náà dùbúlẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ ń kó kúrò, ilé òfìfo sì pọ̀ ní ìsàlẹ̀ Manhattan. Àwọn ọ̀dọ́ olórin, ayàwòrán àti akéwì tí kò lówó lọ́wọ́ lo àǹfààní yìí. Wọ́n rí ibùgbé olówó pọ́ọ́kú nítòsí Bowery, wọ́n sì lè fi ẹsẹ̀ rìn dé CBGB. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Talking Heads jọ ń gbé ní Chrystie Street, tí kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá.

Ìbẹ̀rẹ̀

Kí ó tó di CBGB, Kristal ti ń ta ọtí nínú ilé náà lábẹ́ orúkọ Hilly's on the Bowery. Àwọn oníbàárà rẹ̀ nígbà náà ni àwọn ará àdúgbò àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń gun alùpùpù kiri. Ó tún ní ilé ọtí mìíràn ní Greenwich Village, ṣùgbọ́n àwọn aládùúgbò níbẹ̀ ráhùn nípa ariwo títí ó fi tì í. Lẹ́yìn èyí ni ó gbájú mọ́ Bowery, níbi tí kò sí ẹni tí yóò ráhùn pé orin pọ̀ jù.

Ìṣẹ̀lẹ̀ mìíràn ní ọdún 1973 tún ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún CBGB. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, ilé ìtura àtijọ́ kan tí ń jẹ́ Broadway Central wó lulẹ̀, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Inú ilé yìí ni Mercer Arts Center wà, níbi tí ẹgbẹ́ New York Dolls àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti máa ń ṣeré. Nígbà tí ó wó, àwọn ẹgbẹ́ tí kò tíì ní àwo orin kankan fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ibi tí wọn yóò ti ṣeré mọ́. Àwọn gbọ̀ngán tó kù ń fẹ́ ẹni tí ó ti lórúkọ, àwọn ilé ọtí sì ń fẹ́ ẹni tí yóò kọ orin ẹlòmíràn tí àwọn ènìyàn ti mọ̀ nínú rédíò.

Ìtàn tí a sábà ń sọ ni pé, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1974, Kristal wà lórí àkàsọ̀ níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin méjì nínú ẹgbẹ́ Television ń kọjá lọ. Wọ́n bi í léèrè irú orin tí yóò máa wáyé níbẹ̀. Ó dá wọn lóhùn pé kọ́ńtírì, blúgráàsì àti blúùsì ni. Wọ́n sọ fún un pé àwọn náà mọ díẹ̀ nínú rẹ̀. Bí olùsọ̀tàn bá yí padà, kúlẹ̀kúlẹ̀ ìtàn náà a máa yí padà, ṣùgbọ́n gbogbo wọn gbà pé Television ni ẹgbẹ́ tí ó ṣí ọ̀nà náà. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1974, tí ó bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré níbẹ̀. Terry Ork, alákòóso ẹgbẹ́ náà, ni ó bá Kristal ṣe àdéhùn ọjọ́ Àìkú wọ̀nyí, nítorí pé ọjọ́ tí ọjà kì í tà ni ọjọ́ Àìkú jẹ́ fún ọlọ́tí.

Òfin orin àtinúdá

Òfin tí ó ṣe pàtàkì jù lọ ní CBGB ni pé ẹgbẹ́ tí yóò ṣeré níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ orin tí ó jẹ́ àtinúdá tirẹ̀. Kristal kò fẹ́ràn gbogbo ohun tí ó ń gbọ́. Nígbà tí ó kọ́kọ́ gbọ́ Television àti Ramones, kò rí ohun púpọ̀ yìn nínú orin wọn. Síbẹ̀ ó tún pè wọ́n padà, nítorí pé ohun tí wọ́n ń ṣe kò jọ ti ẹnikẹ́ni.

Ọgbọ́n ìṣòwò wà nínú òfin yìí pẹ̀lú. Ilé tí wọ́n bá ti ń kọ orin olórin mìíràn gbọ́dọ̀ máa san owó ẹ̀tọ́ fún àwọn àjọ tí ń gbowó fún àwọn tí ó ni orin. Orin àtinúdá dín ìnáwó yìí kù. Ní ti owó tí ń wọlé, àdéhùn ìbẹ̀rẹ̀ rọrùn: owó ẹnu ọ̀nà, tí ó jẹ́ dọ́là kan péré, jẹ́ ti àwọn olórin, owó ọtí sì jẹ́ ti onílé ọtí.

Ipa tí òfin náà ní kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ẹgbẹ́ tí kò tíì mọ ohun èlò rẹ̀ lò dáadáa lè dé orí ìtàgé CBGB bí ó bá ní ohun tí ó fẹ́ sọ, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé tirẹ̀ ni. Nípa bẹ́ẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ tí ó jáde níbẹ̀ kò jọ ara wọn. Orin Television gùn, gìtá méjì a sì máa dá ara wọn lóhùn nínú rẹ̀. Orin Ramones yára, ó sì kúrú. Talking Heads ń kọ orin tí ó kún fún àníyàn àti èrò ìjìnlẹ̀. Blondie ní tiwọn mú adùn orin rédíò ti àwọn ọdún 1960 wọ inú rọ́ọ̀kì. Gbogbo wọn ni àwọn oníròyìn pè ní pọ́ńkì, ṣùgbọ́n orí ìtàgé kan ṣoṣo àti òfin kan ṣoṣo ni ó so wọ́n pọ̀, kì í ṣe ìró kan náà.

Àwọn ẹgbẹ́ àkọ́kọ́

*Ramones.* Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1974 ni Ramones kọ́kọ́ ṣeré ní CBGB. Ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin láti àdúgbò Forest Hills ní Queens ni wọ́n. Wọ́n kì í ṣe ọmọ ìyá, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ni ó sọ ara wọn ní Ramone: Joey, Johnny, Dee Dee àti Tommy. Orin wọn kì í sábà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, wọn kì í sì í dúró láàárín orin kan sí èkejì. Ní ọdún 1976, ilé-iṣẹ́ Sire gbé àwo àkọ́kọ́ wọn jáde. Orin mẹ́rìnlá ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nǹkan bí 6,400 dọ́là ni wọ́n ná láti gbà á sílẹ̀, iye tí ó kéré gidigidi sí ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì ńláńlá ń ná nígbà náà. Roberta Bayley, tí ó máa ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà CBGB, ni ó ya àwòrán tí ó wà lójú àwo náà.

*Patti Smith.* Akéwì ni Patti Smith kí ó tó di akọrin. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975, òun àti Television jọ ṣeré ní CBGB fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan léraléra. Àsìkò yìí ni àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀ láti àwọn àdúgbò mìíràn. Clive Davis, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Arista, gbà á sí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ní ọdún náà, àwo àkọ́kọ́ rẹ̀ tí ń jẹ́ *Horses* sì jáde kí ọdún náà tó parí. Òun ni ó kọ́kọ́ kúrò ní CBGB lọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá. Òun náà ni yóò padà wá ti ilẹ̀kùn ibẹ̀.

*Blondie.* Debbie Harry àti Chris Stein ni ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1974. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn alárìíwísí kò kà wọ́n sí pàtàkì tó àwọn tó kù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1979, orin wọn «Heart of Glass» dé ipò kìn-ín-ní ní Amẹ́ríkà. Kò sí ẹgbẹ́ mìíràn nínú àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ CBGB tí orin rẹ̀ tà tó tiwọn ní àkókò náà.

*Talking Heads.* David Byrne, Chris Frantz àti Tina Weymouth pàdé ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Rhode Island. Oṣù Kẹfà ọdún 1975 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré ní CBGB, níwájú Ramones. Ìmúra wọn jọ ti akẹ́kọ̀ọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, kò jọ ti olórin rọ́ọ̀kì rárá.

Bí òkìkí ṣe kàn

Ní oṣù Keje ọdún 1975, Kristal ṣètò àjọ̀dún kan fún àwọn ẹgbẹ́ olórin New York tí kò tíì ní àwo orin. Ó lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń ṣeré náà, àwọn oníròyìn orin sì wá wò ó. James Wolcott kọ àpilẹ̀kọ pàtàkì kan nípa rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn *Village Voice*. Láti ìgbà náà, CBGB kúrò ní ilé ọtí àdúgbò, ó di ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ń rán ènìyàn lọ láti wá ẹgbẹ́ tuntun.

Ní ọdún 1976, John Holmstrom, Legs McNeil àti Ged Dunn dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní *Punk*. Ìwé náà kún fún àwòrán ẹ̀fẹ̀, àwọn olórin CBGB sì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ó wà lára ohun tí ó jẹ́ kí orúkọ pọ́ńkì lẹ̀ mọ́ orin náà. Ní ọdún yìí kan náà, àkójọ orin tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ilé náà jáde ní àwo.

Òkìkí náà sọdá òkun. Malcolm McLaren, tí yóò di alákòóso ẹgbẹ́ Sex Pistols, wà ní New York ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1975. Ó rí Richard Hell, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ Television, pẹ̀lú irun rẹ̀ tí ó dúró ṣánṣán àti ẹ̀wù rẹ̀ tó ya. Nígbà tí ó padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó mú èrò ìmúra yìí lọ. Ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1976, Ramones ṣeré ní Roundhouse ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọ̀dọ́ olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì gba ìwúrí láti ọ̀dọ̀ wọn. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1977, ẹgbẹ́ The Damned wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti ṣeré ní CBGB. Àwọn ni ẹgbẹ́ pọ́ńkì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ tí ó ṣeré ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ The Police náà ṣeré níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè náà.

Ìrísí ilé náà

Ilé tóóró tí ó gùn wọ inú ni CBGB. Ibi ìtajà ọtí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kan, orí ìtàgé sì wà lápá ẹ̀yìn, tí kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ilẹ̀ lọ. Olórin àti olùgbọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè fi ọwọ́ kan ara wọn. Àwọn àmì ọtí bíà tí ń tàn yanran wà lára ògiri. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìwé ìpolówó, ìlẹ̀mọ́ àti ìkọkúkọ bo gbogbo ògiri àti àjà, kò sì sí ẹni tí ó pa wọ́n rẹ́. Ajá Kristal, Jonathan, a máa rìn kiri láàárín àwọn oníbàárà, a sì máa yàgbẹ́ síbi tí ó bá wù ú.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó wà nísàlẹ̀ ilé náà lókìkí fún ìdọ̀tí rẹ̀. Ní ọdún 2013, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan Museum of Art ní New York ṣe àfihàn kan lórí pọ́ńkì àti aṣọ wíwọ̀, wọ́n sì kọ́ irú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà sínú àfihàn wọn.

Ohun kan wà tí Kristal kò fi ṣeré pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí yìí, ìyẹn ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó náwó lé e lórí, àwọn olórin sì máa ń sọ pé ìró ilé náà dára ju ti ọ̀pọ̀ gbọ̀ngán tí ó lẹ́wà jù ú lọ. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ fi gba àwo orin ojú agbo sílẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn ọdún 1980 àti àwọn olórin dúdú

Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ di ńlá, tí wọ́n sì ń ṣeré ní àwọn gbọ̀ngán ńláńlá, ìran tuntun rọ́pò wọn. Orin hardcore, tí ó yára tí ó sì le ju pọ́ńkì ìbẹ̀rẹ̀ lọ, ni wọ́n mú wá. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Kristal yà sọ́tọ̀ fún wọn, kí àwọn ọmọdé tí ọjọ́ orí wọn kò tíì tó ti ọlọ́tí lè wọlé. Agnostic Front, Cro-Mags, Murphy's Law àti Sick of It All wà lára àwọn ẹgbẹ́ New York tí ó gbajúmọ̀ nínú agbo yìí. Ìjà máa ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn olùgbọ́, nígbà tí ó sì di ìparí àwọn ọdún 1980 sí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Kristal dá eré ọ̀sán náà dúró fún ìgbà kan.

A sábà máa ń sọ ìtàn pọ́ńkì bí ẹni pé àwọn aláwọ̀ funfun nìkan ni ó ṣe é, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí ní CBGB. Bad Brains, ẹgbẹ́ àwọn ènìyàn dúdú mẹ́rin láti Washington, wà lára àwọn tí ó fi ìpìlẹ̀ orin hardcore lélẹ̀. Wọ́n máa ń da régè pọ̀ mọ́ orin tí ó yára bí iná. Eré tí wọ́n ṣe ní CBGB ní ọdún 1982 wà ní àkọsílẹ̀, títí di òní ni àwọn olórin sì ń wò ó kọ́ṣẹ́. Ní ọdún 1985, Vernon Reid, Greg Tate àti Konda Mason dá ẹgbẹ́ Black Rock Coalition sílẹ̀ ní New York láti jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn dúdú nínú orin rọ́ọ̀kì. Living Colour, ẹgbẹ́ olórin ti Reid, ṣeré ní CBGB lọ́pọ̀ ìgbà. Ibẹ̀ ni Mick Jagger ti Rolling Stones ti rí wọn, tí ó sì ràn wọ́n lọ́wọ́ láti gba orin wọn àkọ́kọ́ sílẹ̀.

Talking Heads àti orin Fela

Okùn kan so ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ CBGB pọ̀ mọ́ ilẹ̀ Yorùbá. Brian Eno, tí ó ń bá Talking Heads ṣe àwo wọn, ni ó fi orin Fela Aníkúlápó Kútì han David Byrne, pàápàá àwo *Afrodisiac* tí ó jáde ní ọdún 1973. Bí Fela ṣe máa ń to ìlù, gìtá àti fèrè lé ara wọn, tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan ń sọ gbólóhùn kúkúrú kan ní àsọtúnsọ, wọ inú àwo *Remain in Light* tí Talking Heads gbé jáde ní ọdún 1980. Ọ̀kan nínú àwọn orin tí wọn kò parí nígbà tí wọ́n ń ṣe àwo náà ni a padà gbé jáde pẹ̀lú orúkọ Fela lára àkọlé rẹ̀.

Ní ọdún 2018, Angélique Kidjo, akọrin láti ìlú Ouidah ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Bẹ̀nẹ̀, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá, tún gbogbo àwo *Remain in Light* kọ ní ọ̀nà tirẹ̀. Tony Allen, onílù tí òun àti Fela jọ dá ìró Afrobeat sílẹ̀, wà lára àwọn tí ó lu ìlù fún un. Báyìí ni orin tí ó ti Èkó lọ sí New York ṣe tún padà sọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín.

Ẹjọ́ owó ilé

Láti àwọn ọdún 1990, ìlú New York bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ìwà ọ̀daràn dín kù, owó ilé sì gbówó lórí. Ní Bowery, àwọn ilé gbígbé olówó ńlá àti ilé ìtura ìgbàlódé bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́pò àwọn ilé àgbàsùn.

Àjọ Bowery Residents' Committee ni ó ń gba owó ilé lọ́wọ́ CBGB. Àjọ aláàánú ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti pèsè ibùsùn àti ìtọ́jú fún àwọn aláìnílé, àwọn kan lára wọn sì ń gbé nínú ilé kan náà, lókè gbọ̀ngán orin náà. Ní ọdún 2005, àjọ náà ní Kristal jẹ òun ní owó ilé tí ó lé ní 91,000 dọ́là. Kristal ní tirẹ̀ sọ pé òun ń san 19,000 dọ́là lóṣooṣù déédéé, àti pé ẹnikẹ́ni kò fi tó òun létí pé owó ilé ti lọ sókè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, adájọ́ dá Kristal láre lórí gbèsè náà.

Ṣùgbọ́n àre yìí kò tó. Àdéhùn ilé rẹ̀ parí ní òpin oṣù Kẹjọ yẹn kan náà, àjọ náà sì ní ẹ̀tọ́ lábẹ́ òfin láti má ṣe tún un ṣe. Owó tí wọ́n ń béèrè fún àdéhùn tuntun sún mọ́ ìlọ́po méjì èyí tí Kristal ń san. Àwọn olórin kóra jọ, wọ́n ṣeré ìkówójọ, wọ́n sì bẹ ìjọba ìlú láti dá sí i. Ní ìkẹyìn, àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan pé kí CBGB kó jáde kí oṣù Kẹwàá ọdún 2006 tó parí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kò mọ ẹni tí wọn ìbá gbè lẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Apá kan jẹ́ ilé tí ó fún àwọn olórin tí kò ní ibi tí wọn yóò lọ láyè, apá kejì sì jẹ́ àjọ tí ń fún àwọn tí kò ní ibi tí wọn yóò sùn ní ibùsùn. Àjọ náà sọ pé kò tọ́ kí owó tí ó yẹ fún àwọn aláìnílé máa dín owó ilé kù fún oníṣòwò. Àwọn alátìlẹ́yìn CBGB sì sọ pé ilé náà ti di ohun ìní gbogbo ìlú. Àdúgbò òtòṣì ni ó bí àwọn méjèèjì. Nígbà tí owó dé ibẹ̀, àyè kò gbà wọ́n mọ́ pọ̀.

Alẹ́ ìkẹyìn

Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́yìn, Bad Brains, The Dictators àti Debbie Harry pẹ̀lú Chris Stein ti Blondie wà lára àwọn tí ó wá ṣeré ìdágbére. Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, ni eré ìkẹyìn wáyé, Patti Smith ni ó sì ṣe é. Ó lé ní wákàtí mẹ́ta tí ó fi wà lórí ìtàgé. Flea ti ẹgbẹ́ Red Hot Chili Peppers bá a ṣeré, wọ́n sì gbé eré náà sáfẹ́fẹ́ lórí rédíò. «Elegie», orin tí ó kẹ́yìn nínú àwo *Horses*, ni ó fi parí rẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ó ti dárúkọ àwọn olórin àti ọ̀rẹ́ tí ó ti kú, lára wọn ni Joey, Johnny àti Dee Dee Ramone. Tommy nìkan ni ó kù láyé nínú Ramones mẹ́rin ìbẹ̀rẹ̀ nígbà náà. Òun náà kú ní ọdún 2014.

Lẹ́yìn tí ilé náà tì

Kristal ní i lọ́kàn láti ṣí CBGB tuntun ní Las Vegas, ṣùgbọ́n ikú kò jẹ́ kí ó ṣe é. Àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa á ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹjọ ọdún 2007, ní ẹni ọdún 75. Ní ọdún 2008, John Varvatos, tí ó jẹ́ aránṣọ ìgbàlódé, ṣí ìsọ̀ aṣọ olówó ńlá sínú ilé náà. Ó dá apá kan nínú ògiri àtijọ́ sí, pẹ̀lú àwọn ìwé ìpolówó tí ó lẹ̀ mọ́ ọn. Ìbòrí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n kọ orúkọ CBGB sí wà ní Rock and Roll Hall of Fame ní ìlú Cleveland.

Nítòsí ibẹ̀, ní ìkóríta Bowery àti East 2nd Street, ni àmì òpópónà tí ìlú New York fi sọrí Joey Ramone ní ọdún 2003 wà. Ní ọdún 2013, wọ́n fi òpópónà Bowery sínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi ìtàn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n sì mẹ́nu ba CBGB nínú rẹ̀. Ní ọdún yìí kan náà ni fíìmù kan jáde lórí ìtàn ilé náà, Alan Rickman ni ó sì ṣe Kristal nínú rẹ̀.

Ipa rẹ̀

Ní ọdún 2002, wọ́n gba Ramones àti Talking Heads sí Rock and Roll Hall of Fame. Blondie tẹ̀ lé wọn ní 2006, Patti Smith sì wọlé ní 2007. Gbogbo wọn ni wọ́n ti gbọ́ lórí ìtàgé kan ṣoṣo, láàárín ọdún méjì, nígbà tí kò sí èyíkéyìí nínú wọn tí ó ní àwo orin. Lẹ́yìn wọn, àwọn ilé orin kéékèèké ní ọ̀pọ̀ ìlú mú òfin orin àtinúdá lò.

Àwọn tí ń ṣe ìwádìí nípa ìlú àti iṣẹ́ ọnà náà máa ń tọ́ka sí CBGB bí àpẹẹrẹ, nítorí pé ìtàn rẹ̀ fi hàn pé ẹ̀bùn nìkan kì í bí àṣà tuntun. Ó nílò ibi tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹni tí kò tíì mọ iṣẹ́ tán lè ti gbìyànjú, kí ó kùnà, kí ó sì padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ó ń bọ̀. Irú ibi bẹ́ẹ̀ ni ilé tóóró Bowery jẹ́ fún nǹkan bí ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n.